Eré Rọ́ọ̀kì Lórí Pápá ní Ògbómọ̀ṣọ́: Orin Méje, Ọ̀kan Ṣoṣo Tó Jẹ́ Tiwọn

Ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ yìí kò tí ì gbé rẹ́kọ́ọ̀dù kankan jáde. Orúkọ tí wọ́n fi pè wọ́n gun orí ìtàgé lọ́jọ́ náà, àwọn fúnra wọn ti sọ pé àwọn yóò pààrọ̀ rẹ̀, nítorí náà n kò ní í kọ ọ́ síbí. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ni wọ́n: ọmọkùnrin kan tó ń ta gìtá, èkejì tó ń ta gìtá báàsì, onílù kan, àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń lé orin. Wọ́n ṣeré fún nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú níbi àjọ̀dún orin ọlọ́jọ́ kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ṣe sórí pápá ìṣeré wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí ọyẹ́ ń mú, 2,000 náírà sì ni owó ìwọlé fún àwa tí a kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Orin mẹ́fà tí ẹgbẹ́ mìíràn náà lè kọ ni mo gbọ́ níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀kan ṣoṣo tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ọ̀kan yẹn ló mú kí n gbé kálàmù.

Ibi tí wọ́n ti ṣeré náà ló fa púpọ̀ nínú ohun tó dára àti ohun tó bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Gìtá oníná kò ṣàjèjì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ẹ bá rìn láti Takie lọ sí ìhà Under G láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ẹ óò gbọ́ gìtá, dúrọ́ọ̀mù àti kíbọ́ọ̀dù láti inú ṣọ́ọ̀ṣì kan dé èkejì. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi ti wà nílùú yìí láti ọdún 1898, wọ́n sì ń kọ́ni ní orin ìjọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gìtá tí ohùn rẹ̀ ha, tó ń pariwo bí ẹni pé ó ń bá èèyàn jà, ìyẹn ṣọ̀wọ́n. Àwọn tó ṣètò náà fi fújì, orin ìhìnrere àti orin àwọn ọmọ ìwòyí ṣáájú, wọ́n fi gbajúmọ̀ kan tí gbogbo èrò ń retí sí ìparí, wọ́n wá ti àwọn onírọ́ọ̀kì bọ àárín ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ṣì ń wọ ojú gbogbo ẹni tó kọjú sí ìtàgé, tí ọ̀pọ̀ sì ti tú ká lọ ra gúgúrú àti súyà. Àkókò tí wọ́n fún wọn yẹn, kì í ṣe àkókò tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n fẹ́ kó yege.

Ohùn kì í ṣe lórí pápá bí ó ṣe ń ṣe nínú gbọ̀ngàn. Nínú gbọ̀ngàn, ògiri àti àjà máa ń dá ohùn padà sí etí wa, ohùn náà a sì kún. Lórí pápá, èyí tó bá ti kọjá lára yín ti lọ nìyẹn. Bí ẹ bá sún sẹ́yìn títí tí ibi tí ẹ wà fi jìnnà sí spíkà ní ìlọ́po méjì, agbára ohùn náà yóò ti dín ní dẹ́síbẹ̀lì 6 (dẹ́síbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe pariwo tó), bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa dín lọ bí ẹ bá ṣe ń jìnnà sí i. Báàsì ló máa ń kọ́kọ́ jìyà irú nǹkan báyìí, nítorí pé spíkà ńlá nìkan ló lè ti afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó láti gbé e rìn. Ilé iṣẹ́ tó yá wọn ní ẹ̀rọ, tí n kò ní í dárúkọ, kó spíkà tó bá olóòtú ètò àti ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà gbé orin sáfẹ́fẹ́ mu wá, kò kó èyí tó bá ẹgbẹ́ tó ní dúrọ́ọ̀mù gidi mu wá. Máìkì kan ṣoṣo ni wọ́n gbé síwájú gbogbo dúrọ́ọ̀mù náà. Lẹ́yìn ìtàgé ni wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí, wáyà tó yẹ kó wọlẹ̀ kò sì wọlẹ̀ dáadáa. Iná tí à ń lò nílẹ̀ yìí máa ń lọ síwá sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí wáyà kò bá sì wọlẹ̀, gìtá oníná yóò máa gbé e jáde bí ìkùn lábẹ́ gbogbo orin. Ìkùn yẹn kò dákẹ́ títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn ọmọ náà ní ẹ̀bi tiwọn nínú rẹ̀. Mo gbọ́ pé wọ́n pè wọ́n láàárọ̀ kí wọ́n wá dán ẹ̀rọ wò, wọn kò dé títí tí èrò fi ń wọlé. Orin àkọ́kọ́ kò tí ì dé ìdajì tí olórin fi gbé máìkì kọjú sí spíkà tó wà níwájú rẹ̀, spíkà náà sì ké tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ènìyàn fi ọwọ́ di etí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ kí ẹnì kan tó lọ fi ọwọ́ hàn án ibi tí kò gbọ́dọ̀ dúró sí. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lọ sí irú eré yìí, kó má ṣe lọ kó ara rẹ̀ síwájú pátápátá, níbi tí dúrọ́ọ̀mù tí kò gba inú ẹ̀rọ kọjá yóò ti bo gbogbo ohun yòókù mọ́lẹ̀. Ẹ wá àtíbàbà tí ẹni tó ń bójú tó ohùn jókòó sí, kí ẹ sì dúró tì í, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ẹnì kan wà tó ń gbọ́ ohun tó ń ṣàtúnṣe rẹ̀. Nígbà tí mo kúrò níwájú tí mo lọ síbẹ̀, ó dà bí ẹni pé ẹgbẹ́ mìíràn ló ń ṣeré.

Orin ẹlòmíràn ni méjì àkọ́kọ́, tèdè Gẹ̀ẹ́sì ni, wọ́n sì kọ wọ́n bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ohùn ọmọbìnrin yẹn dára, ó sì ní agbára, ṣùgbọ́n ó ń fi imú sọ̀rọ̀ bí ará Amẹ́ríkà, èyí tí kò sọ nígbà tó kí èrò kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ń ta gìtá mọ iṣẹ́ rẹ̀ dé ìwọ̀n. Ó mọ̀ pé bí a bá ti fi ẹ̀rọ mú ohùn gìtá ha, kọ̀ọ̀dù tó kún, ìyẹn ohùn púpọ̀ tí a ta pọ̀, yóò dàrú, nítorí náà ohùn méjì péré ló ń tẹ̀ pọ̀, ìpìlẹ̀ àti ìkarùn-ún rẹ̀, ó sì yọ èyí tó wà láàárín kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo onírọ́ọ̀kì tó gbọ́n ń ṣe. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ohùn àwọn okùn gìtá náà kò bá ara wọn mu mọ́. Ó ti wà nínú oòrùn láti ọ̀sán, okùn irin a sì máa nà bí ó bá gbóná, ohùn rẹ̀ á wá wálẹ̀. Láàárín orin kejì àti ẹ̀kẹta, ó gbé fóònù rẹ̀ lé orí ẹ̀rọ láti fi wọn ohùn okùn náà, ariwo kò sì jẹ́ kí fóònù gbọ́ nǹkan kan. Ló bá tẹ àgbọ̀n rẹ̀ mọ́ ara igi gìtá náà, ó di ojú, ó ń ta okùn kọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ́, ó ń gbọ́ ọ láti inú egungun ara rẹ̀, ó sì ń yí èèkàn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi bá ara wọn mu. Ó gbà á ní ìṣẹ́jú méjì gbáko, àwọn kan sì ti ń hó lé e lórí. Èmi kò mọ ibi tó ti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé etí wà lórí ọmọ náà.

Àwọn fúnra wọn ló ṣe orin ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin, ṣùgbọ́n tèdè Gẹ̀ẹ́sì náà ni, ẹgbẹ́ mìíràn sì lè kọ wọ́n. N kò ní ohun púpọ̀ láti sọ nípa wọn àfi ti onílù. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́ ìlù, èyí hàn nínú bí ó ṣe ń wo ojú olórin kó tó yí ìlù padà, bí ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀mí lè gbé aṣáájú orin lọ síbi tí wọn kò bá a ṣètò. Ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún lu kónkóló, ìró tó máa ń tọ́ ìlù wa sọ́nà, sórí àwo idẹ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ń fi ẹsẹ̀ lu ìlù ńlá rọ́ọ̀kì geerege nísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí méjèèjì bá pàdé, ara a máa yá gágá. Ṣùgbọ́n kò mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Kò sí àyè tó ṣí sílẹ̀ nínú orin tí kò kó ìlù kún, ọmọ tó ń ta báàsì, tí èmi gbà pé òun ló ní làákàyè jù nínú wọn, kò sì rí ibi tí yóò gbà kọjá.

Orin karùn-ún ni wọ́n fi èdè Yorùbá kọ. Ẹni tó bá ti gbọ́ orin rọ́ọ̀kì lédè Yorùbá rí yóò mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń ṣubú. Èdè wa kò gba kí orin máa gbé ọ̀rọ̀ gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ wálẹ̀, nítorí pé ìtumọ̀ ni yóò bá a lọ. Àwọn ìjọ ti jẹ ìyà yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sórí ohùn orin àwọn òyìnbó. Thomas Ekundayo Phillips, aludùùrù Kàtídírà Kristi nílùú Èkó, kọ̀wé lórí bí ọ̀rọ̀ àti orin ṣe so mọ́ ara wọn nínú orin Yorùbá ní ọdún 1953, ọ̀rọ̀ náà kò sì tí ì tán nílẹ̀ títí di òní. Rọ́ọ̀kì tún wá fi igbe kún un. Bí olórin bá ti ké, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ a di ohùn òkè, olùgbọ́ a sì máa bá orin lọ láìmọ ohun tó ń sọ.

Ọmọbìnrin yìí kò kọ orin náà rárá. Ńṣe ló sún máìkì sẹ́yìn díẹ̀, tó fún ọ̀fun pọ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀rọ̀ náà bí àwọn oníjàálá ṣe ń pè é: ohùn tó ga, tó le, tí èémí gígùn kan ń tì láti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n tí gbogbo òkè àti ilẹ̀ inú ọ̀rọ̀ ṣì pé síbẹ̀. Ìlú tí Ògúndáre Fóyánmu ti sun ìjálá tí wọ́n gbé e sínú rẹ́kọ́ọ̀dù nìlú yìí, n kò sì rò pé ó ṣòro fún ọmọ tó dàgbà síbí láti gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ nílé. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ó rí i pé igbe rọ́ọ̀kì àti ohùn àwọn ọdẹ kò jìnnà síra. Ọ̀rọ̀ orin náà kì í ṣe ti ogun tàbí ti ẹranko igbó. Onílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń bá wí, ẹni tó gba owó ọdún kan gbáko tí omi inú kànga rẹ̀ kò sì dé oṣù kìíní. Ègbè rẹ̀ kúrú: “Bàbá onílé, kànga ti gbẹ.” Kò sí ẹni tó kọ́ wa, ṣùgbọ́n nígbà tó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo pápá ló dá a lóhùn, títí kan àwọn tó kó súyà lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ohun tí gìtá ṣe nínú ègbè yẹn. Bí olórin bá ti pè é tán, gìtá a tún un sọ láìsí ẹnu. Yóò bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ lórí “bà”, yóò fò sókè lórí “bá”, yóò sinmi ní àárín kó tó gun “nílé”, yóò já lulẹ̀ lójijì lórí “kàn”, yóò sì padà sí àárín títí dé ìparí. Kò fi ìka rìn láti ojú ibì kan sí òmíràn lọ ṣe é. Okùn kan náà ló ń tì sí ẹ̀gbẹ́ kí ohùn rẹ̀ lè gòkè, tó sì ń dẹ̀ kí ó lè wálẹ̀, èyí tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí onídùndún ń fi ọwọ́ ṣe lára ọsán ìyáàlù (awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀) gan-an nìyẹn. Mo wo ìka rẹ̀ dáadáa láti ẹ̀gbẹ́ àtíbàbà: ìka mẹ́ta ló fi ń ti okùn kan, wọ́n ń gbọ̀n díẹ̀, okùn náà sì ti fa ìlà pupa sí wọn lórí. Àwọn kan lè rò pé ohùn gìtá tó ha kò lè sọ Yorùbá nítorí kò mọ́ lóló. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni etí Yorùbá ti ń wá ohùn tó mọ́ lóló? Ṣaworo ni a so yí ojú ìyáàlù ká kí ohùn rẹ̀ má baà dá lọ lásán. Nígbà tí Link Wray ní Amẹ́ríkà fi pẹ́ńsù lu ihò sí spíkà rẹ̀ ní ọdún 1958 kí gìtá rẹ̀ lè máa ha, ohun tó ń wá kò ṣàjèjì sí ẹni tó so ṣaworo mọ́ ìlù.

Bàbá kan tó dúró tì mí ló sọ ọ́ jáde nígbà tí orin náà ń lọ lọ́wọ́ pé, “Orin yìí dára o, ṣùgbọ́n kì í ṣe tiwa.” N kò bá a jiyàn níbẹ̀ nítorí àgbà ni, àti nítorí pé mo fẹ́ gbọ́ orin. Láti ọdún 1949 ni Àyìndé Bákàrè ti so gìtá rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ nínú orin jùjú. Ní ọdún 1972, Berkley Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu dá BLO sílẹ̀ ní Èkó, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta tó ń kọ rọ́ọ̀kì tí ìlù ilé wà nínú rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ ilé ìwé girama St. Gregory’s tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ofege gbé rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ wọn jáde, tí wọ́n ṣì ń wọ yúnífọ́ọ̀mù. Nítorí náà, pé akẹ́kọ̀ọ́ ń ta rọ́ọ̀kì kì í ṣe nǹkan tuntun nílẹ̀ yìí. Ohun tí mo lè kà sí tuntun nínú orin karùn-ún yẹn ni pé gìtá oníná tó ń pariwo gba ọ̀rọ̀ Yorùbá láàyè láti darí rẹ̀. Nínú púpọ̀ nínú èyí tí mo ti gbọ́, ìlù nìkan ni wọ́n máa ń jẹ́ kó jẹ́ tiwa, gìtá a sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Mo ní ìbínú díẹ̀ sí ohun tó tẹ̀ lé e. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ti kó èrò sínú àpò, tí àwọn ènìyàn sì ń sún mọ́ iwájú, tún padà sí orin Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀kẹfà lọ wọ́ọ́rọ́ láìsí ẹni tó rántí rẹ̀. Ẹ̀keje ni wọ́n fẹ́ fi parí eré pẹ̀lú ariwo, onígìtá sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá a ta fún ìgbà pípẹ́. Ìka rẹ̀ yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń sọ. Ó ṣì wà lórí rẹ̀ nígbà tí olóòtú ètò jáde pẹ̀lú máìkì tirẹ̀ láti kéde pé kí ẹni tó ni ọkọ̀ Corolla aláwọ̀ eérú tó dí ẹnu ọ̀nà jọ̀ọ́ lọ gbé e kúrò. Bí eré wọn ṣe parí nìyẹn. Mo rò pé ìwà tí kò dára ni olóòtú náà hù, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé ó já orin kankan sí méjì.

Lẹ́yìn tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, mo bá onílù níbi tó ti ń tú dúrọ́ọ̀mù, mo bi í ìdí tí wọ́n fi kọ ọ̀kan péré lédè Yorùbá. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù ló bà wá. A rò pé wọ́n á ní a fẹ́ ṣe apàlà ni.” Ó ní orin náà kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ tí wọ́n ti ṣe é, kànga inú rẹ̀ kì í sì í ṣe àròsọ.

Ní ti ètò yòókù, kò sí àga tó fún ìdajì àwọn tó sanwó, eruku ọyẹ́ pọ̀, omi tútù tán kí ilẹ̀ tó ṣú, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì jìnnà. Súyà dára. Kò sí ìjà, ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọlọ́kadà sì ṣì wà níta nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, èyí tí kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tó ń padà sí àárín ìlú lálẹ́.

Bí àwọn ọmọ mẹ́rin yìí bá ka èyí, ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe kò pọ̀. Kí wọ́n fi orin ẹlòmíràn méjì yẹn sílẹ̀. Kí wọ́n ra ohun èlò kékeré tí wọ́n ń fi há orí gìtá láti wọn ohùn rẹ̀, kò wọ́n, kò sì bìkítà fún ariwo nítorí ara igi ló ti ń gbọ́. Kí wọ́n máa lọ dán ẹ̀rọ wò nígbà tí wọ́n bá pè wọ́n. Kí onílù fi àyè sílẹ̀ fún báàsì. Kí wọ́n sì tètè gba orin kànga yẹn sílẹ̀ nínú yàrá tó ní ògiri, kí ẹnì kan tó gbọ́ ọ lórí fóònù àwọn èrò gbé e ṣe tirẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò tún ṣeré lẹ́yìn ìdánwò, lórí pápá kan náà. Bí orin Yorùbá bá tó mẹ́ta nínú rẹ̀, n óò san 2,000 náírà mìíràn láìjanpata. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ gbé àga lọ láti ilé, ẹ sì wọ ohun tó lè dá oòrùn ìrọ̀lẹ́ dúró lójú.